Bátìrì tí Bàbá Sá Sóòrùn

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Bàrígà

Tírákà tí mo so mọ́ Bàbá lọ́rùn, tó ń fi ibi tí wọ́n bá rìn lọ hàn mí lórí fóònù, ti bàjẹ́. Bátìrì tuntun tí mo rà ní Ṣómólú wà lọ́wọ́ mi, kò síbi tí màá fi í sí.

Èmi náà ni mo sọ lánàá pé bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. Kí n tó dé, Bàbá ti fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ẹja ṣí i, wáyà ti já. Wọ́n sá bátìrì sórí páànù, bí wọ́n ṣe máa ń sá ti rédíò wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń pẹja lọ́sà. Ó ti wú bí àkàrà.

"Mo bá ẹ sá a ni. Ó máa tó jí."

Ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe ní ìsàlẹ̀ ilé wa sọ pé èékánná ló yẹ ká fi rọra ṣí i, pé irú bátìrì yìí ò fẹ́ oòrùn rárá. Ta ni kí n bá wí? Bàbá ò rántí orúkọ mi mọ́, wọ́n rántí bí a ṣe ń sá bátìrì.

Lọ́jọ́sí, Ọbáníkòró ni mo ti rí wọn, wọ́n ń wá màmá mi tó ti kú. Tí wọ́n bá tún jáde lọ́la...

Mo fẹ́ ju tírákà náà nù, Bàbá bú sẹ́kún. Mo so ó padà mọ́ wọn lọ́rùn, òfìfo. Wọ́n fọwọ́ pa á.

"Ṣé o ti ń rí mi báyìí?"

"Mo ń rí yín, Bàbá."