Orúkọ Yín Kò Sí Lórí Àtẹ

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ jókòó dáadáa, tí àga bá wà níbi tí ẹ wà. Mo ti ṣe é! Ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ní kò lè ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, èmi ọmọ yín ni mo sì mú un ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún, àmọ́ Màámi ti gbọ́ ṣáájú yín, nítorí pé ariwo tí mo pa wọlé lánàá kì í ṣe kékeré. Ẹ má bínú sí mi.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra yọ̀. Ẹ̀yin, tí inú yín bá dùn, ẹ ó kàn da tíì yín sínú àwo pẹrẹsẹ, ẹ ó fẹ́ ẹ, ẹ ó fi ojú wo ìta, ó parí. Mi ò rí irú ẹ̀ jogún. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi yín ló gbà mí síṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ìkòròdú ni mo wà, ní ọ́fíìsì tó wà lẹ́bàá Èbúté, kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ níbi tí ẹ ti lo gbogbo ọjọ́ ayé yín lábẹ́ ọkọ̀, tí ẹ ń tún un ṣe. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ń tà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo kàwé kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé mi sórí tábìlì tuntun kan, pé kí n máa bójú tó ètò tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́fà láti fi hàn pé mo tó o ṣe.

Ẹ rántí bí ìwé ṣe máa ń rìn nígbà tiyín. Awakọ̀ á kọ ọ́ pé ẹ́ńjìnnì òun ń fẹ́ nǹkan báyìí-báyìí, ìwé á bá ọkọ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, á dé ọ̀dọ̀ alábòójútó, á dé ọ̀dọ̀ mánéjà, mánéjà á fọwọ́ sí i, àwọn stóò á gbé nǹkan jáde. Nígbà mìíràn omi á ta sí i lójú ọ̀nà, nígbà mìíràn ẹnì kan á ti fi wé ẹ̀pà. Kọ̀ǹpútà ni ètò tuntun yìí fi ń ṣe gbogbo ìrìn yẹn. Ẹni tọ́rọ̀ kàn á rí i lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnnì méjì: mo fọwọ́ sí i, mi ò fọwọ́ sí i. Tó bá ti tẹ ọ̀kan, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ẹni tó ń to ètò náà ni láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé lẹ́yìn lágbájá, tàmẹ̀dù ló kàn.

Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ló wá tò ó láti Erékùṣù, táì lọ́rùn nínú ooru yẹn! Wọ́n gba àtẹ tí ilé iṣẹ́ to orúkọ àwọn ọ̀gá sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe bá a níbẹ̀ náà ni wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ méjì péré, wọ́n ti parí. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n kí wa pé a kú orí ire, wọ́n bá tiwọn lọ.

Bàbá mi, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé kan ṣoṣo ò jáde. Gbogbo ẹ̀ á rìn geere láti Ẹ̀pẹ́, á dé ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà Ògúnmúyìwá tó jẹ́ mánéjà wa, á jókòó. Ẹ mọ Ẹnjiníà, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọwọ́ wọn yá ju ẹnu wọn lọ. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á wò ó, wọ́n á tì í pa, wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á tún sọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́rin dúró sí èbúté Ẹ̀pẹ́ tí kò lè gbéra. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń ṣépè fún wa. Ní ọ́fíìsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lábẹ́lẹ̀ pé bàbá ò mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ ni, ojú ń tì wọ́n láti béèrè. Mo bá wọn sọ ọ́. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá àgbà wọlé, wọn ò jókòó. Wọ́n ní tó bá di Fúráìdè tí nǹkan náà ò bá rìn, àwọn á dá a padà fún àwọn tó tà á, kí gbogbo wa padà sí bébà, kí èmi náà sì máa lọ sílé, torí àwọn ti gba ẹlòmíràn sídìí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ̀ pé owó oṣù mi ni àbúrò mi fi ń lọ sílé ìwé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ gbìyànjú, ẹnu ló kàn yá mi.

Mo gbé àga, mo lọ jókòó ti Ẹnjiníà. Mo ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé kan, wọ́n kà á, ọwọ́ wọn ò tilẹ̀ gbọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ. Ìgbà náà ni mo rí i. Lẹ́yìn tí wọ́n kà á tán, ojú wọn sọ̀ kalẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka wọn tẹ̀ lé e, wọ́n fi kan ojú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Wọ́n tì í pa. Wọ́n tún ṣí òmíràn, ìka tún lọ síbẹ̀. Mo mọ igun yẹn, Bàbá mi. Ibẹ̀ lẹ máa ń fa máàkì yín sí pẹ̀lú pẹ́ńsùlù búlúù.

Mo bú sẹ́kún níwájú ọ̀gá mi. Ẹnjiníà rò pé nítorí iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni, wọ́n ń wá áńkáṣífì kiri.

Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín níbí. Nígbà tí mo wà ní pólì, mo rí ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn lọ́wọ́ yín, mo béèrè ẹni tó ní kí ẹ máa fa ìlà sí i. Mo ní ẹ kì í ṣe alábòójútó, ẹ kì í ṣe mánéjà, orúkọ yín ò sí lórí àtẹ kankan, ẹ kàn ń da ara yín láàmú. Ọsàn lẹ ń bó lọ́wọ́. Ẹ bó o tán, ẹ fún mi, ẹ ní kí n bá yín dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kí n wá wo iṣẹ́ yín. Mo ní mo fẹ́ dirun. Ṣé ó dùn yín lọ́jọ́ yẹn? Àbí ẹ kàn rò pé ọmọdé ló ń ṣe mí? Títí tí ẹ fi lọ, mi ò dé abẹ́ ọkọ̀ yẹn.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí: kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ sí ìwé yẹn láìrí máàkì yín. Gbogbo àwọn tó kù, ohun tí awakọ̀ kọ ni wọ́n ń kà. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń lọ wo ọkọ̀ náà fúnra yín. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Sùlè tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ló ń wò ó, òun ló ń fa máàkì. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀, àwọn onítáì ò sì bá a lórí àtẹ. Kọ̀ǹpútà yọ yín kúrò, Ẹnjiníà ò wá rí nǹkan tí wọ́n lè gbára lé. Wọn ò tilẹ̀ mọ bí àwọn á ṣe ṣàlàyé ẹ̀.

Mo ní ó tán, ó rọrùn. Mo tún ètò náà tò, mo fi ìgbésẹ̀ kan kún un ṣáájú Ẹnjiníà. Ta ni mo wá fi síbẹ̀? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fi Bàbá Kàmọ́rù, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì Ẹ̀pẹ́, síbẹ̀. Mo rò ó pé àwọn ló dàgbà jù níbẹ̀, báwo ni n óò ṣe jẹ́ kí Sùlè máa sọ̀rọ̀ nígbà tí àgbà wà ní ìjókòó? Mo pè wọ́n lórí fóònù, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ fi bọ́tìnnì hàn wọ́n.

Bàbá Kàmọ́rù fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀! Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, kò sí èyí tí wọn ò tẹ̀, tàdúràtàdúrà. Wọ́n tilẹ̀ fọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì tuntun fún ọkọ̀ kan tí ilé iṣẹ́ ti tà fún àwọn ará Agbówà lọ́dún tó kọjá. Ẹnjiníà ké pè mí, ilé mì. Nígbà tí mo pe Bàbá Kàmọ́rù, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ni kí n wá sọ fún pé rárá? Gbogbo wọn ló kí mi láàárọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ọjọ́ méjì péré ló kù. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá Kàmọ́rù, mo ṣàlàyé pé ẹni tó bá wọ inú omi lọ wo ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì, ọjọ́ orí kọ́. Mo ní àwọn náà á máa rí gbogbo ìwé, kí wọ́n máa ṣàdúrà sí i, àmọ́ bọ́tìnnì ò ní sí níbẹ̀. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ mi, pé wọn ò sùn dáadáa látìgbà tí mo ti gbé nǹkan yẹn kà wọ́n láyà. Mo wá jókòó ti Sùlè. Kọ̀ǹpútà ní àfi kí n sọ ipò tí Sùlè wà kó tó gbà á, Sùlè ò sì ní ipò kankan. Mo dá ipò kan sílẹ̀ fún un. Mo pè é ní Ẹni Tó Ti Fojú Rí I. Mo tún pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé bó ti wù kí ọ̀gá náà tóbi tó, ìwé kò gbọdọ̀ fo Sùlè kọjá.

Fúráìdè wá dé. Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́yìn mi, wọ́n káwọ́ gbera. Ìwé àkọ́kọ́ jáde láti Ẹ̀pẹ́: ọkọ̀ tó fẹ́ kó àwọn ìyá ọlọ́jà lọ sí Agbówà, awakọ̀ ní òun ń fẹ́ irin tó ń yí lábẹ́ omi, pé ti òun ti jẹ. Alábòójútó fọwọ́ sí i. Ó dé ọ̀dọ̀ Sùlè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa jáde, ó jáde ní pupa: mi ò fọwọ́ sí i. Sùlè kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, “Irin kọ́. Abẹ́ ọkọ̀ ti là. Kó má jáde o!”

Ọ̀gá àgbà mí kanlẹ̀, wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́. Àmọ́ Ẹnjiníà ti fò dìde, fóònù ti wà létí wọn, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n sọ gbogbo èrò kalẹ̀. Wọ́n fa ọkọ̀ náà gòkè. Ó là gbọọrọ, apá mi ò gùn tó o, àwọn obìnrin mẹ́rìnlá tó ń retí kí irin dé ló sì ti jókòó sínú ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Yéè, Bàbá mi! Mo fò sókè títí àga mi fi ṣubú.

Ẹnjiníà jókòó. Wọ́n na ìka, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí àwọn tí Sùlè ti rí, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀ kò ku ẹyọ kan. Ọ̀gá àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ dúró de oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ ti di tèmi. Wọ́n tún ní kí n lọ to ti Agbówà, Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Èbúté bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nítorí náà, láàárọ̀ yìí, mi ò béèrè àtẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn pe àwọn alábòójútó ibẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, mo béèrè ẹni tí wọ́n máa ń ní kó lọ wò ó kí wọ́n tó fọwọ́ sí nǹkan. Kò sí èyí tó ronú lẹ́ẹ̀mejì. Agbówà ní ìyá kan tó ń ta epo létí omi ni, pé tó bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní bàbá apẹja kan ni, kì í tilẹ̀ ṣe òṣìṣẹ́ wa. Èbúté ní obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ inú ọkọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn síbì kankan. Mo ti kọ gbogbo wọn sílẹ̀ báyìí, Bàbá mi. Mo rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Ẹ pọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ń fi yín yangàn káàkiri Ìkòròdú.