Ojú Tí Mi Ò Rí Yà

                                        Yàrá Ìsàlẹ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Ojú ń pọ́n mi ni.

Ìyàwó mi ṣì wà ní ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ò dá lára rẹ̀ látìgbà tó ti bímọ, dókítà sì ní ó ti di àfàdúrà. Àdúrà ọ̀hún gan-an ni mi ò lè gbà mọ́.

Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ mi. Gbogbo Jésù tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò yìí, èmi ni mo kùn ún. Ṣe ni mo máa ń fi rúlà fa ilà pín àwòrán Jésù inú kàlẹ́ńdà sí igun-igun, tí màá sì dà á kọ sára ògiri ní igun kọ̀ọ̀kan. Àwọn tá a jọ ń kunlé máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Jésù tèmi dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níwájú onígbàjámọ̀. Tẹ́lẹ̀, èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, bí mo bá kúnlẹ̀, ojú yẹn náà ló ń yọ sí mi, mo sì mọ agolo ọ̀dà tí mo ti bù ú. Ta wá ni mò ń bẹ̀?

Mo ṣí Bíbélì, bóyá màá rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin tí ebi ń pa ni mo bá, tó ń fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀, tó sunkún nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mo sì sọ ọ́ fún pásítọ̀. Pásítọ̀ ní kí n má da ọkàn ìjọ láàmú, ẹni tí wọ́n mọ̀ ni kí n máa kùn.

Lánàá, alàgbà kan gbé ọ̀kan nínú àwòrán mi wá, ó gbé e kọ́ sókè ibùsùn ìyàwó mi. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní kí n gbé e kúrò níbẹ̀.

"Ẹni yìí ò sunkún rí," ló wí. "Èyí tó sunkún yẹn ni kó o kùn fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi, látàárọ̀ ni mo ti jókòó ti pátákó tí mo fẹ́ kùn ún sí, mi ò tíì fa ilà kan ṣoṣo. Ọkùnrin tí mo fi ń jẹun látọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ kí àwọn ọmọ náà. Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ kúnlẹ̀ níbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ bá mi bẹ ẹni tí ẹ̀yin mọ̀. Èmi, ọ̀dà nìkan ni mo mọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń pọ́n,
Akunlé.