Orúkọ Tí Mo Ní Kí Ẹ Má Pè Mọ́

Bàbá mi,

Ilé wà ní Ayédé bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Màmá ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Kòkó ẹ̀yìnkùlé ti so, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti gbọ́ pé ẹ kò sí nílé mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ṣé ẹ rántí ìwò Nóà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹyẹ dúdú tí Nóà rán jáde nínú ọkọ̀, tí kò padà wá jíṣẹ́, lẹ fi sọ mí lórúkọ. Bẹ́ ẹ bá rán mi ní iyọ̀, màá dúró wo àwọn tó ń ta ayò, tàbí kí n jókòó ti ọ̀rẹ́ mi níbi tó ti ń dirun. Tí mo bá wá yọ lókèèrè, ẹ ó pariwo, "Ìwò Nóà ti dé ulé!" Gbogbo àdúgbò á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kódà nígbà tí mo jáde yunifásítì, orúkọ yẹn náà lẹ fi kí mi káàbọ̀.

Àfi ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àwọn àna ti jókòó, mo gbé omi wá, ẹ ò lè pa á mọ́ra, ẹ tún pariwo ẹ̀. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ sì ṣàlàyé fún un tayọ̀tayọ̀. Ojú tì mí. Èwo ni kí bàbá ìyàwó máa sọ fún àna pé ọmọ òun kì í tètè padà wálé? Mo pè yín sẹ́yìn ilé, níbi tẹ́ ẹ ti ń sá kòkó, mo ní ẹ ò gbọdọ̀ pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láé, pé ọ̀rọ̀ ará oko ni. Ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ sí! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ wò mí, ẹ ní ó dáa. Láti ọjọ́ náà, orúkọ ìsàmì mi lẹ ń pè, bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà. Mo rò pé mo ti borí.

Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, "mo ń bọ̀" di orin lẹ́nu mi. Sátidé yìí, mo ń bọ̀. Ó tún di Sátidé mìíràn, mo ṣì ń bọ̀. Oògùn ni mo ń fi rán awakọ̀ láti Ìbàdàn tí mo ń gbé. Nínú Bíbélì yín, ìwò kan náà ló ń gbé oúnjẹ lọ fún Èlíjà láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi ò gbé ara mi wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo máa fi dé, wọ́n ti gbé yín lọ sí mọ́ṣúárì.

Àná ni Màmá tó sọ ìyókù fún mi. Ó ní tí táásì tó ń kó èrò bọ̀ láti Ọ̀yẹ́ bá ti dúró lójú títì, ẹ ó gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, obìnrin ilé kejì fẹ́ pa yín lẹ́rìn-ín, ló bá béèrè pé ṣé ìwò Nóà kò tíì dé ni. Ẹ ní kó dákẹ́. Ẹ ní ọmọ yín kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun bẹ́ẹ̀.

Bàbá, ìgbà wo lẹ di ẹni tó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bínú? Ká ní ẹ bú mi ni, ǹ bá mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tètè gbéra.