Fọ́tò Sìdí Wà Lọ́wọ́ Mi, Mi Ò Rí I Ṣí

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Àlájì, ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìkìrun, àtẹni tó jókòó lórí pèpéle àtẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pè yín lórí fóònù láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, tí mo sì pa fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbọ́ ọ. Ó nídìí.

Òjò ò jẹ́ ká gbádùn ní Ìkòròdú lọ́dún yìí. Omi ń wọ àgbàlá wa dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ṣì ń tọ́jú sítọ́ọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ọ̀gá wa ò burú, àfi ariwo ẹnu. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi àti ògiri ló kù. Ìyẹn ni mo ṣe ra kọ̀m̀pútà tòkunbọ̀ yẹn.

Ẹ rántí bí ilé wa ṣe rí nígbà tí àìsàn mú Sìdí àbúrò mi lọ. Bàbá Àlájì ní ojú ìyá ò gbọdọ̀ máa rí fọ́tò ọmọ tó kú, pé ẹkún ò ní tán nílé. Wọ́n kó gbogbo fọ́tò ẹ̀ fún mi pé kí n kó o lọ, kí n sun ún. Wọ́n tún kìlọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú fọ́tò Sìdí wọ ojúlé wa. Mo sun ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó sun ún, mo ní kí oníkọ̀m̀pútà kan bá mi ya gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀m̀pútà mi yẹn.

Àwọn ará ilé tó bá wá sí Èkó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sùn, wọn a sì máa tẹ kọ̀m̀pútà náà bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀rù bà mí kí ẹnì kan má lọ rí Sìdí níbẹ̀, kó wá máa ròyìn fún yín. Kọ̀m̀pútà yẹn sì ní ohun tí wọ́n fi ń ti fáìlì pa: orúkọ fáìlì á di àwọ̀ ewé, ẹni tó tì í nìkan ló sì máa lè ṣí i. Mo ti gbogbo ẹ̀ pa. Tí mo bá fi orúkọ mi àti páásíwọ́ọ̀dù mi wọlé, mo ń rí àbúrò mi. Mo ní mo gbọ́n.

Lóṣù tó kọjá, fáírọ́ọ̀sì mú kọ̀m̀pútà náà, kò dìde mọ́. Ẹnjiníà kan ní òun á pa apá tí ètò tó ń gbé e ṣiṣẹ́ wà rẹ́, òun á fi tuntun sí i, pé òun ò ní fọwọ́ kan apá tí ẹrù mi wà. Ó ṣe é bó ṣe wí. Mo délé, gbogbo fáìlì náà pé: Sìdí lọ́jọ́ Iléyá, Sìdí ń jẹ àgbàdo, Sìdí àti Màámi. Mo tẹ ọ̀kan, kọ̀m̀pútà ní mi ò láṣẹ láti ṣí i. Mo fún un lórúkọ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo fún un ní páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́, kò gbà.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà. Ìgbà yẹn ló tó là mí lọ́yẹ pé kì í ṣe orúkọ mi ni kọ̀m̀pútà ń wò. Lọ́jọ́ tí mo ti fáìlì pa, kọ̀m̀pútà fúnra ẹ̀ ló rọ kọ́kọ́rọ́ kan tí ojú ò rí, ó sì fi pamọ́ sínú ètò àtijọ́ tí a pa rẹ́ yẹn. Orúkọ kan náà ni mo ń jẹ́, àmọ́ ẹlòmíràn ni mo jẹ́ lójú ẹ̀. Ẹnjiníà bi mí bóyá mo tọ́jú ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ náà síbì kan. Màámi, ta ló sọ fún mi pé kọ́kọ́rọ́ kankan wà?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ pè mí. Ẹ ní ojú Sìdí ti ń sá fún yín, pé ẹ ń rántí ohùn ẹ̀, ẹ ń rántí aṣọ ẹ̀, ojú ẹ̀ lẹ ò rí mọ́. Ẹ ní ẹ mọ̀ mí, pé mi ò lè sun gbogbo ẹ̀ dànù. Ẹ wá ní, “Wàsíù, gbé ọmọ mi wá kí n rí i.” Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi ní Ẹ̀pẹ́ tó máa ń wá ohun tó sọnù nínú kọ̀m̀pútà jáde. Mo fi ọ̀rá wé àpótí kọ̀m̀pútà náà, mo gbé e lé itan. Òjò ò dá títí a fi kọjá Agbowa. Ọkùnrin náà gbìyànjú, kí n má purọ́. Ó wá kọ́kọ́rọ́ yẹn nínú ìyókù ohun tí a pa rẹ́, ó ní ètò tuntun ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tàn mí lórí ẹ̀. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, ẹkún gbọ̀n mí nínú ọkọ̀. Ìyá tó jókòó tì mí ń bi mí pé ta ló kú.

Mo wá ní kí n kúkú fẹnu sọ fọ́tò náà fún yín. Nínú èyí tí ẹ jọ yà, ẹ wọ léèsì aláwọ̀ ọsàn, ó gbórí lé yín léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kan jìn wọnú bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni. Ọ̀tún ni àbí òsì? Mo jókòó tì í títí, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Fọ́tò tó mọ̀ ọ́n sì wà níwájú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ bá Sìdí kàwé, tí Bàbá Àlájì kìlọ̀ fún nígbà yẹn, ẹ dákun, tí fọ́tò ẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e lọ fún Màámi. Ẹ má bẹ̀rù ẹkún wọn, àwọn fúnra wọn ló ní ká gbé e wá. Bàbá Àlájì, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Màámi, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní tún rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa. Mi ò pa àwọn fáìlì náà rẹ́, mi ò sì ní pa wọ́n rẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tí ọmọ yín wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò rí i gbé wá fún yín,
Wàsíù.