Páìpù Tí Kò Jẹ́ Kí Apa Sinmi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá
Wọ́n ti ṣí omi gbígbóná sínú páìpù gbogbo ilé àdúgbò. Ooru dé. Ariwo bá a dé – kó! kó! kó! – bí ẹni ń fi òòlù kan irin. Apa, ìyá ọkọ mi, gbé ife tíì kalẹ̀. Láti ìgbà tó ti ṣubú lórí yìnyín lábúlé rẹ̀ ní Kochkor nígbà òtútù tó kọjá, tí ọwọ́ rẹ̀ kán, ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Ààrò èédú tèmi kì í sọ̀rọ̀ o. Bí ilé yín ò bá dákẹ́, màá padà sílé mi."
Erkinbek ní òun á tún un ṣe. Ọkọ mi, olùkọ́ ìtàn! Láti òní lọ, Ẹnjinnía lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ẹnjinnía ní afẹ́fẹ́ ló há sínú omi, ló ṣe ń dún gburu-gburu. Ó tú síkúrù kékeré etí irin amúlégbóná. Kò gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀. Omi dúdú tú sórí ẹní onírun tí Apa fọwọ́ ara ẹ̀ rán. Apa ká ẹní ẹ̀, ó gbé e wọ yàrá lọ. Àmọ́ gburu-gburu inú omi ti lọ. Ọkọ mi ń yan kiri bí àkùkọ.

Ọjọ́rú, 5
Kó! Kó! Kó!

Ọjọ́bọ̀, 6
Ẹjọ́ ti yí padà. Ẹnjinnía ní Klara onídìrí, tó ń gbé lókè orí wa, ló ń kan páìpù láti fi fìyà jẹ wá. Ó mú ṣíbí, ó kàn án padà. Wọ́n dáhùn lókè. Ó tún kàn án. Wọ́n tún dáhùn. Apa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ – àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé.
Ni Klara bá já wọlé, ìdajì irun ẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Àbúrò, ṣé orí ẹ pé? Kí ni mo fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi ń kan páìpù láràárọ̀?"
"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ̀ ń kàn án!"
Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Páìpù bá kan fúnra ẹ̀ láàárín wọn. Kó!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo gbé ìdí ṣíbí onígi lé páìpù, mo fi etí lé orí ẹ̀. Nísàlẹ̀, ohùn náà jìnnà. Mo gun àga – ó ń sún mọ́ mi. Níbi tí páìpù ti wọ inú àjà lọ sọ́dọ̀ Klara, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí.
Apa ní, "Kí ló wí?"
Mo ní, "Ó ní wọ́n fún òun lọ́rùn."
Òótọ́ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Klara tẹ́ táìsì tuntun, wọ́n sì rọ sìmẹ́ǹtì mọ́ páìpù yíká. Bí irin bá gbóná, ó máa ń gùn sí i. Kò ráyè nà, ó wá ń fagbára já ara ẹ̀ gbà.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ẹnjinnía gòkè lọ bẹ Klara. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìtàn irin láti ayébáyé. Klara lé e jáde: "Dípò kẹ́ ẹ fọ́ táìsì mi, ẹ kúkú fọ́ orí mi!"
Apa wé gèlè, ó gbé àwo bóósókì, ìyẹ̀fun dídín bíi pọfupọ́ọ̀fù, ó gòkè. Ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán kó tó sọ̀ kalẹ̀. Àwo ti ṣófo. Gèlè ti kúrò lórí, irun funfun ẹ̀ ti dúdú kirikiri, ó ń dán!
"Ó ti gbà," ni Apa wí. "Lọ mú òòlù ẹ."

Ọjọ́rú, 12
Iṣẹ́ ti parí lọ́dọ̀ Klara. Ẹnjinnía gbẹ́ sìmẹ́ǹtì kúrò lára páìpù, Apa dúró tì í lórí: "Rọra! Páìpù lò ń tú sílẹ̀, kì í ṣe kànga lò ń gbẹ́." A fi ègé aṣọ onírun àgùntàn dí àlàfo ẹ̀, kí irin lè ráyè mí. Táìsì kan là. Klara figbe ta. Apa gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí, ó sọ fún un pé ibẹ̀ ló ti yẹ kó wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ooru dé láàárọ̀. Páìpù ò wí nǹkan kan. Ẹnjinnía ti ròyìn fún gbogbo ilé ìwé.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Apa ti di ẹrù ẹ̀.
Ẹnjinnía dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Apa, páìpù ti dákẹ́ mà!"
"Mo gbọ́. O ṣeun, ọmọ mi."
"Kí la wá ṣe fún yín?"
"Gbogbo nǹkan lẹ̀ ń ṣe fún mi. Ìyàwó ń sebẹ̀, ìwọ ń gbé tíì wá. Nínú ilé yìí, páìpù yẹn nìkan ni mo rí bá jà. Ẹ sì ti tún un ṣe."
Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rántí ọwọ́ ẹ̀ tó kán. Mo ní, "Bí yìnyín bá tún gbé yín ṣubú ńkọ́, Apa?"
"Màá pariwo. Àwọn aládùúgbò mi ò dití."
Ọkọ mi jókòó sórí ẹrù náà, bóyá kó má bàa lọ. Apa fọwọ́ pa á lórí, ó dúró dè é. Nígbà tó yá, ọkọ mi dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé àpò irinṣẹ́ jáde.
"Ó dáa. Màá sìn yín lọ. Màá yẹ ọ̀nà èéfín ààrò yẹn wò kí n tó fi yín síbẹ̀."
Apa wò mí. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, tẹ̀ lé wa. Di ọwọ́ ọkọ ẹ mú, kó má bàa tú ààrò mi."
Mo ti ń wá bàtà òtútù mi.