Ìwé Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí Mo Buwọ́ Lù

Señora Hortensia, olóòtú ètò rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ìlú Tacna wa yìí ò tóbi.

Èmi àti bàbá Nayeli ti kọ ara wa sílẹ̀. Kóòtù ní ọ̀dọ̀ mi lọmọ á máa gbé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ mú un kọjá ibodè lọ wo òkun ní Chile, Ofelia, ìyá ìsàmì ọmọ náà, ló gbé ìwé ìyọ̀ǹda wá. Mo ní, "Ọjọ́ tí wọ́n máa padà dà níbí?"

Ó ní, "Comadre, ìyá ọmọ ìsàmì mi, àbí o ò fọkàn tán mi ni? Wọ́n á kọ ọ́ sí i ní ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni."

Mo buwọ́ lù ú. Oṣù márùn-ún rèé, wọn ò tíì dá ọmọ mi padà! Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo pe fóònù bàbá rẹ̀, Ofelia ló gbé e, ó ṣì ń yán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹni tó gbé ọmọ mi dání níwájú àlùfáà!

Ẹ bá mi bi àwọn agbẹjọ́rò: ṣé ìwé yẹn lè borí ìdájọ́ kóòtù? Ẹ̀yin olùgbọ́, ìbéèrè tiyín rèé. Nayeli gba fóònù lọ́wọ́ Ofelia, ó ní, "Mamá, ṣé lóòótọ́ lẹ buwọ́ lùwé pé ẹ ò fẹ́ mi mọ́?"

Kí ni kí n sọ fọ́mọ ọdún mẹ́fà?