Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Mi Kò Ṣófo

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Orí rẹ ò ní gbàbọ̀dè. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ ẹnu wọn le koko, a dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ dé. Àbúrò rẹ náà ti dé, ogun parí, wọ́n tú àwọn sójà sílẹ̀, ó gbé àpò kan àti bàtà ológun wálé, mo sì sunkún ayọ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná. Ará àdúgbò wá ń sọ pé àwọn sójà tó ń bọ̀ yìí ń kó àrùn inú ẹ̀jẹ̀ wálé. Onígbàjámọ̀ tó ti ń fá orí rẹ̀ láti kékeré ní abẹ òun ti kú, abẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fárí fún ẹlòmíì lójú wa! Ìwọ náà tí mo fi ẹ̀yìn yìí pọ̀n kọ̀wé pé kí n ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi lẹ́tà náà di iyọ̀.

Èmi àti àbúrò rẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù. Nígbà tí èsì jáde, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Màmá, a ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín." Ara mi gbóná. Mo ní ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ tèmi ńkọ́? Agídí ìdílé wa ńkọ́, ṣé ojú ogun ló dànù sí? Mo ní kí wọ́n tún un wá dáadáa, bí ìgò wọn bá kéré kí wọ́n lo korobá. Àbúrò rẹ fọwọ́ bojú. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò àrùn ni kò sí níbẹ̀, pé ìròyìn ayọ̀ ni. Mo ní ó dáa, àmọ́ kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé gbogbo nǹkan yòókù pé. Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Mo gbé ìwé náà lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀ títí abẹ tó kú fi jí.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tá a délé, inú agolo ni àbúrò rẹ ti lọ mu omi lẹ́yìnkùlé? Ó ní kóun má baà ba ife wa jẹ́. Ó dùn mí ju gbogbo ọdún tí ogun fi gbà á lọ. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ agolo náà pẹlẹbẹ. Mo kó gbogbo ife ilé fún aládùúgbò tí ẹ̀rù ń bà jù, mo ṣẹ́ ẹyọ kan kù, òun ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń mu omi.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún bàbá rẹ, àti fún bàtà tí kì í ṣe ti ológun. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Tó o bá ń bọ̀ wálé, má gbé ife lọ́wọ́.

Èmi ìyá rẹ.